Àpò gàrí lórí pákó: ọfà mélòó ló yẹ kí n yà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. SS2 ni mo wà, ibì kan ṣoṣo sì ni físíìsì ti ń fún mi ní wàhálà. Mo mọ F = ma. Mo mọ sin, mo mọ cos. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ní kí n ya free body diagram, ìyẹn àwòrán tó ń fi ọfà ṣàfihàn gbogbo agbára tó ń ba nǹkan kan, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́, torí n kì í mọ ibi tó yẹ kí n dá ọfà dúró sí.

Ìbéèrè tó wà níwájú mi nìyí. Àpò gàrí 50 kílò wà lórí pákó tí wọ́n gbé ti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Igun tó wà láàárín pákó àti ilẹ̀ jẹ́ 30°. Coefficient fíríkṣọ̀n (ìwọ̀n bí ojú pákó ṣe ń di àpò mú) jẹ́ 0.4, g (ti ìfà ilẹ̀ ayé) jẹ́ 10 m/s². Apá kìíní: tí wọ́n bá fi àpò sílẹ̀, kí ni acceleration rẹ̀, ìyẹn bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i? Apá kejì: agbára mélòó ni èèyàn máa fi tì í gòkè, kí ọwọ́ rẹ̀ máa lọ gba ojú pákó, kí eré àpò náà má sì yí padà?

Ọfà mẹ́fà ni mo yà: mg (ìwúwo àpò) sí ìsàlẹ̀, mg sin 30°, mg cos 30°, N (agbára tí pákó fi ń ti àpò) tó kọjú sí òkè gangan, fíríkṣọ̀n, àti ma tó ń lọ sísàlẹ̀ pákó. Mo wá ṣírò rẹ̀ báyìí: N jẹ́ 500, fíríkṣọ̀n jẹ́ 0.4 × 500 = 200, mg sin 30° jẹ́ 250, 250 − 200 = 50, 50 ÷ 50 = 1 m/s². Èyí tó wà lẹ́yìn ìwé jẹ́ 1.5. Níbo ni mo ti ṣì í? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fún mi ní ìdáhùn. Bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń yà á ni mo fẹ́ kọ́.

Tísà Àtijọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, o ṣeun tó o kọ gbogbo iṣẹ́ rẹ síta. Ẹni tó bá fi ojú egbò han oníṣègùn, ìwòsàn rẹ̀ kì í pẹ́. Àṣìṣe rẹ kò pọ̀, inú àwòrán ló wà, kò sí nínú ìṣirò.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe nìyí. Wá èèpo ẹ̀yìn ìwé tó o ti lò tán, kí o gé ihò kékeré sí i láàárín. Gbé e lé orí àwòrán inú ìwé rẹ, kí ó fi jẹ́ pé àpò nìkan lò ń rí nínú ihò náà. Ọkọ̀ ti lọ, ilẹ̀ ti lọ, pákó ti lọ. Wàá wá fi ìka rìn yí etí àpò ká. Ibikíbi tí nǹkan mìíràn bá ti fara kan àpò, dúró níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni agbára ń gbà wọlé. Lórí àpò, afẹ́fẹ́ lásán, a ò kà á sí nínú irú ìbéèrè yìí. Lápá ọ̀tún, afẹ́fẹ́. Lápá òsì, afẹ́fẹ́. Nísàlẹ̀, pákó. Pákó nìkan ló fara kan án. Lẹ́yìn èyí, ohun kan ló kù tí kì í fara kan nǹkan kó tó fà á: ilẹ̀ ayé. Nítorí náà, láti ọ̀dọ̀ ẹni méjì péré ni gbogbo ọfà rẹ ti lè wá, pákó àti ilẹ̀ ayé.

Ọfà kì í ta ara rẹ̀. Èyí tó o bá yà, bi í léèrè: ta ló ta ọ́, ta lo sì bà? Jẹ́ ká bi àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

mg: ilẹ̀ ayé ló ta á, àpò ló bà. Ó dúró.

N: pákó ló ta á, àpò ló bà. Ó dúró, ṣùgbọ́n o kọjú rẹ̀ síbi tí kò yẹ. Ojú pákó ló ń ti àpò, ó sì ń tì í ní igun 90° sí ara rẹ̀. Kò mọ ibi tí òkè ọ̀run wà. Pákó tó bá dùbúlẹ̀ lásán, N rẹ̀ á kọjú sókè. Pákó tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, N rẹ̀ náà á fẹ̀gbẹ́. Ibi tí 500 rẹ ti wọlé nìyẹn.

Fíríkṣọ̀n: pákó kan náà ló ta á, ó ń lọ gba ojú pákó. Ó dúró.

ma: ta ló ta á? Kò sí. ma kì í ṣe agbára. Ohun tó máa jáde ni, nígbà tí o bá ti ro gbogbo agbára pọ̀ tán. Pa á rẹ́.

mg sin 30° àti mg cos 30°: o lè ní ilẹ̀ ayé ló ta wọ́n, àmọ́ ilẹ̀ ayé ti ta mg ṣáájú. Ẹni tó bá ka odindi iṣu, tó tún ka abala méjì tí a gé e sí, ti sọ iṣu kan di mẹ́ta. Pa wọ́n rẹ́ kúrò lórí àwòrán. Tó o bá fẹ́ gé iṣu, ya àwòrán mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o gé e níbẹ̀.

Ọfà mẹ́ta ló kù. Mẹ́ta náà ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Agbẹ́rù Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Èmi ò ka ìwé lọ jìnnà, ṣùgbọ́n àpò lórí pákó, iṣẹ́ òòjọ́ mi ni. Àbúrò, nǹkan kan tó lè dà ọ́ rú nínú apá kejì ni mo fẹ́ sọ.

Tí àpò bá ń yọ̀ bọ̀ nílẹ̀, pákó ló ń dì í mú kó má tètè dé ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ á mọ̀ ọ́n, á fúyẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n tó o bá kọjú àpò yẹn kan náà sókè, tó ò ń tì í lọ sínú ọkọ̀, pákó tó ń bá ọ dì í mú lẹ́ẹ̀kan á yíjú padà sí ọ. Ìgbà yẹn, òun àti ìwúwo àpò ló jọ ń bá ọ jà. Torí náà, má gbà pé fíríkṣọ̀n gbọ́dọ̀ máa kọjú sókè ní gbogbo ìgbà. Ibi tí àpò ń lọ ni kó o kọ́kọ́ wò, kó o tó mọ ibi tó ń fà sí.

Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ́ pákó gígùn. Pákó kúkúrú máa ń dúró gọ̀gọ̀ọ̀rọ̀, igbáàyà èèyàn ló sì máa ń gbà á.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ ṣé, Bàbá, ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò, èmi á sọ ti ìlà méjèèjì, x àti y, torí mo rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì wa ti ń ṣòfò àkókò.

O lè gbé x lé ilẹ̀ kí o gbé y dúró sókè bí a ṣe ń ṣe láti kékeré. Ọ̀nà kan ò wọjà, ìdáhùn kan náà ni wàá bá jáde. Ṣùgbọ́n tó o bá ṣe é bẹ́ẹ̀, N àti fíríkṣọ̀n méjèèjì lo máa gé sí abala. Tó o bá yí ìwé rẹ díẹ̀, tí x gba ojú pákó lọ, tí y sì dúró ní 90° sí i, N ti bọ́ sórí y, fíríkṣọ̀n ti bọ́ sórí x, mg nìkan ló kù láti gé. Mo máa ń yí ìwé mi yí ní ti gidi lórí tábìlì. Ẹ má fojú kéré rẹ̀, ó ń ràn mí lọ́wọ́.

Èwo ló gba sin, èwo ló gba cos? Èmi kì í há a sórí. Mo máa ń dá pákó náà délẹ̀ lọ́kàn mi. Tí igun bá di 0, ṣé àpò á tún fẹ́ yọ̀? Rárá. Èyí tó ń fa àpò lọ sísàlẹ̀ pákó gbọ́dọ̀ di 0, sin 0° ló sì ń jẹ́ 0. Torí náà sin ló wà lójú pákó, cos ló ń tẹ pákó.

Wàyí o:

Lórí y: àpò kò wọ inú pákó, kò sì fò kúrò lórí rẹ̀. N = 500 × cos 30° = 433 N (N tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà ni newton, ìwọ̀n agbára).

Fíríkṣọ̀n = 0.4 × 433 = 173 N, ó kọjú sókè pákó torí ìsàlẹ̀ ni àpò ń yọ̀ lọ.

Lórí x: 500 × sin 30° = 250. 250 − 173 = 77 N. 77 ÷ 50 = 1.54 m/s².

1.5 rẹ ti dé. Apá kejì, mo fi sílẹ̀ fún ọ bí o ṣe fẹ́. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù sọ ti tó láti fi ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ sọ nípa pákó gígùn, òótọ́ ni lórí ìwé náà. Tí a bá mú 0.4 náà fún gbogbo rẹ̀, igun tí tan rẹ̀ jẹ́ 0.4 ló wà ní ẹnu ààlà, nǹkan bí 22°. Pákó tó bá fẹ̀gbẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi àpò sílẹ̀, á yọ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè dúró sinmi láàárín ọ̀nà, pákó á dì í mú fún yín.

Agbẹ́rù Ṣàgámù

A máa ń sinmi lórí pákó gígùn lóòótọ́. Èmi ò mọ̀ pé ó ní nọ́ńbà.

Òbí kan, Ìlíṣàn

Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ìwé tó wà lórí tábìlì, ìwúwo rẹ̀ àti N dọ́gba, torí òfin kẹta Newton ní gbogbo agbára ló ní èsì tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé òfin yẹn ò wá kan àpò tó wà lórí pákó ni? Ọmọ mi náà ń múra JAMB, n kò fẹ́ kọ́ ọ ní òdì.

Tísà Àtijọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìbéèrè yín dára gan-an, ọ̀pọ̀ tísà pàápàá ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Láti 1687 tí Newton ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ni òfin yẹn ti wà, kò sì tíì yẹ̀. Bí a ṣe ń kà á ló ń ṣì wá lọ́nà.

Ẹ lo ìbéèrè méjèèjì yẹn: ta ló ta á, ta ló bà? mg ti ìwé yẹn, ilẹ̀ ayé ló ta á, ìwé ló bà. Èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìwé ta, tó ba ilẹ̀ ayé. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé náà ń fa ilẹ̀ ayé sókè, ilẹ̀ ayé kàn tóbi débi pé kò mì ni. N ńkọ́? Tábìlì ló ta á, ìwé ló bà. Èsì rẹ̀ ni èyí tí ìwé ta, tó ba tábìlì. Ẹ wò ó: agbára àti èsì rẹ̀ kì í ba ara kan náà láé. Nítorí náà, wọn kì í pàdé lórí free body diagram kan ṣoṣo. mg àti N tó jọ wà lórí àwòrán ìwé kì í ṣe agbára àti èsì. Wọ́n dọ́gba níbẹ̀ torí pé ìwé náà jókòó jẹ́ẹ́ lórí tábìlì tó tẹ́jú, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó ń tì í tàbí tó ń fà á.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ti fìríìjì 60 kílò nílẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó fi 200 N tì í, ọwọ́ rẹ̀ dagun sísàlẹ̀ ní 30°. Ìdajì 200 yẹn, ìyẹn 100 N, ń tẹ fìríìjì mọ́lẹ̀, N sì di 700. Bó bá jẹ́ pé ó so okùn mọ́ ọn, tó fi 200 N kan náà fà á sókè díẹ̀ ní 30°, N di 500. Fìríìjì kan náà, ilẹ̀ kan náà, N méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ilé rí mọ èyí tó rọrùn nínú méjèèjì.

Ó ń dùn mí pé a máa ń yára gbé "N = mg" lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ bí ẹni pé òfin ni. Kì í ṣe òfin. Ìdáhùn sí ìbéèrè kan ni. Àwòrán ló yẹ kó bí i nígbà gbogbo.

Òbí kan, Ìlíṣàn

Ó yé mi wàyí. Mo ń pe ọmọ náà wá síbí.

Ìyá Alágbàfọ̀, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú àlàyé o. Ọ̀rọ̀ yín ń wọ̀ mí lára bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Okùn tí mo ń sá aṣọ sí ló ń já. Mo fà á le gan-an láàárín òpó méjì kí bùláńkẹ́ẹ̀tì má baà wọ́lẹ̀. Ó já. Mo ra òmíràn, mo tún fà á le jù ti àkọ́kọ́ lọ, ó tún já. Èyí tí mo so ní gbẹ̀rẹ̀fu lẹ́yìn ilé fún aṣọ àwọn ọmọ, ó ti ju ọdún mẹ́ta lọ, kò ṣe nǹkan kan. Ṣé ọfà yín lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi?

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Màmá, ó lè sọ ọ́, ẹ jẹ́ ká yà á. Ẹ mú ibi tí bùláńkẹ́ẹ̀tì ti kọ́ sórí okùn ní àárín, ká pè é ní ojú kan ṣoṣo. Ta ló fara kan ojú kan yìí? Bùláńkẹ́ẹ̀tì ń fà á sísàlẹ̀. Okùn apá ọ̀tún ń fà á. Okùn apá òsì ń fà á. Ọfà mẹ́ta. Okùn kì í tì, fífà nìkan ló mọ̀, ojú ara rẹ̀ ló sì máa ń gbà fà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní tẹ́ńṣọ̀n.

Ká ní bùláńkẹ́ẹ̀tì tútù náà wọn 4 kílò, 40 N nìyẹn. Ohun tó ń gbé e kì í ṣe gbogbo ìfà okùn, bí kò ṣe ìwọ̀nba tó kọjú sókè nínú rẹ̀. Tí okùn bá dẹ̀, tí apá kọ̀ọ̀kan fi 30° wálẹ̀ láti orí òpó, sin 30° jẹ́ ìdajì, apá kọ̀ọ̀kan ní láti fa 40 N péré. Tí ẹ bá fà á le tó fi jẹ́ pé 5° péré ló fi wálẹ̀, sin 5° jẹ́ 0.087. Ẹ fi 40 pín sí 2 × 0.087: nǹkan bí 230 N. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan náà, òpó kan náà, okùn náà wá ń gbé ìlọ́po márùn-ún àti díẹ̀.

Ẹ ò sì lè fà á le débi pé kò ní wálẹ̀ rárá. Okùn tó bá tẹ́ gbalaja kò ní ìfà kankan tó kọjú sókè, kò sì ní ohun tí yóò fi gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì. Màmá, ẹ gbé òpó ga sí i, kí ẹ jẹ́ kí okùn dẹ̀.

Ìyá Alágbàfọ̀, Ìkẹ́nnẹ́

Ọlọ́run á fún ọ ní àlùbáríkà, ọmọ mi. Káfíńtà ń bọ̀ wá wo òpó náà lọ́la.

Awakọ̀ Ìpẹru

Mo ní ìbéèrè kékeré. Tí mo bá ń gba kọ́nà tó yí wọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ní Ṣàgámù, àwọn èrò máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn. Agbára wo ló ń tì wọ́n síta? Níbo ni a ó ya ọfà rẹ̀ sí?

Tísà Àtijọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀gá awakọ̀, ẹ bi ọfà náà: ta ló ta ọ́? Ẹ yí etí èrò náà ká bí a ṣe yí ti àpò ká. Àga wà lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó fara kàn án láti inú láti tì í síta. Ọ̀nà tààrà ni ara rẹ̀ fẹ́ máa gbà lọ, ọkọ̀ ló yí. Ilẹ̀kùn ló wá bá a, tó ń tì í wọlé síhà àárín kọ́nà. Torí náà, ọfà ilẹ̀kùn tó kọjú sínú lẹ máa yà. Ti ìta, ẹ má yà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo gé èèpo ìwé náà lálẹ́ àná. Apá kejì rèé:

Àwọn tó fara kan àpò: pákó, àti ọwọ́ ẹni tó ń tì í. Ilẹ̀ ayé ń fà á. Ọfà mẹ́rin. mg, 500, sísàlẹ̀ gangan. N ní 90° sí pákó, 433. P, ọwọ́ tó ń tì í, sókè pákó. Fíríkṣọ̀n, 173, sísàlẹ̀ pákó torí òkè ni àpò ń lọ. Eré rẹ̀ kò yí padà, a jẹ́ pé àwọn tó wà lójú pákó gbọ́dọ̀ fagi lé ara wọn. P = 250 + 173 = 423 N.

Agbẹ́rù Ṣàgámù

Ìyẹn ni pé tí mo bá gbé e sókè gangan, 500 ni. Tí mo bá gba orí pákó, 423. Ìrànlọ́wọ́ pákó yẹn kéré o!

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀gbọ́n, fíríkṣọ̀n ló jẹ ìyókù. Bí pákó náà bá yọ̀ débi pé kò sí fíríkṣọ̀n rárá, 250 péré ni ì bá jẹ́. Bí ẹ bá fi ọmọlanke gbé e gun pákó, ẹ ó sún mọ́ 250 yẹn gan-an.

Tísà Àtijọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

O gbà á, ọmọ mi. Jẹ́ kí n fún ọ ní ìkan sí i kí o tó sùn. Páálí 4 kílò wà lórí tábìlì tó ń yọ̀, kò sí fíríkṣọ̀n. Okùn so ó mọ́ korobá 1 kílò tó rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, okùn náà gba orí púlì (àgbá kékeré tó ń yí) tí kò ní fíríkṣọ̀n. Kí ni acceleration wọn, kí ni tẹ́ńṣọ̀n okùn? Nǹkan méjì ni, àwòrán méjì lo máa yà. Má dà wọ́n pọ̀ sójú kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Lórí àwòrán páálí: mg 40 sísàlẹ̀, N 40 sókè, T síhà púlì. T = 4a. Lórí àwòrán korobá: mg 10 sísàlẹ̀, T sókè. 10 − T = 1 × a. Mo rò wọ́n pọ̀: 10 = 5a, a = 2 m/s². T = 8 N.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ T = 10 torí pé korobá 10 N ló rọ̀ mọ́ okùn. Mo wá wo àwòrán korobá lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí T bá jẹ́ 10, ọfà méjèèjì á dọ́gba, eré korobá ò sì ní pọ̀ sí i. Àmọ́ ó ń pọ̀ sí i.

Tísà Àtijọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

8 N ni.